Bàtà Olórí-Ńlá Aláwọ̀ Ìyeyè

Harbin,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1995.

Yayun, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Warsaw ò tíì máa bu ènìyàn jẹ? Níhìn-ín, ewé ti wọ́ dànù lára igi, a sì ti kó kábéèjì ìgbà òtútù sínú ìkòkò pẹ̀lú iyọ̀. Ìyá rẹ ló tò ó, èmi ni mo gbé òkúta lé e lórí. Ikọ́ rẹ̀ ò tíì lọ tán, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò rọlẹ̀ rárá, nítorí náà má fòyà.

Ti Chunsheng, àbúrò rẹ, kò tíì sí ìròyìn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé búrẹ́dì wa pa, tí wọ́n sì wó ilé tí àwa òṣìṣẹ́ ń gbé, inú yàrá kan tí o mọ àdírẹ́sì rẹ̀ yìí náà la ṣì wà. Ọwọ́ tó ti ń ti búrẹ́dì bọ iná láti ìgbà èwe ò mọ ohun tí yóò máa ṣe. Mo máa ń jáde lọ dúró ní oríta Òpópónà Dazhi, èmi àti Meng, ọ̀rẹ́ mi tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò nígbà kan. Ọkọ̀ àràmàǹdà là ń wò. Meng a máa yà wọ́n sí fọ́tò, èmi a máa wo inú wọn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí a rí lọ́sẹ̀ yìí fún ọ. Ọkọ̀ ará Rọ́ṣíà àtijọ́ kan yọ lọ́jọ́ Àìkú, àgbọ̀nrín irin ń fò lórí imú rẹ̀. Okùn ni awakọ̀ rẹ̀ fi so ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó nu àgbọ̀nrín yẹn dán bíi dígí. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ dúdú kan tí à ń pè ní Àsíá Pupa kọjá, irú èyí tó gùn gbọọrọ, tí àwọn ọ̀gá ńlá ń gùn nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí a kì í rí ẹni tó wà nínú rẹ̀ nítorí aṣọ ojú fèrèsé. Aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀ o. Kábéèjì ló kún inú ọkọ̀ náà dé òrùlé. Meng ní, “Ó kéré tán, kábéèjì náà ti di ọ̀gá.”

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Orílẹ̀-èdè tí o wà yẹn ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Àwa níhìn-ín ń pè é ní Bàtà Olórí-Ńlá, nítorí ó jọ bàtà iṣẹ́ tí imú rẹ̀ wú. Ó ti wọ́n lójú títì wa báyìí. Jọ̀ọ́, ya fọ́tò rẹ̀ fún mi: iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Bí o bá rí aláwọ̀ ìyeyè, ìyẹn gan-an ni kí o yà. Má jẹ́ kó pẹ́.

Máa wọ sòkòtò méjì o.

Èmi ni bàbá rẹ,
Luan Dezhi.


Warsaw,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1995.

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Mo kí Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà.

Lẹ́tà yín bá mi lójú ọjà. Ẹ mọ̀ pé inú pápá eré bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan ni ọjà wa wà, lókè téńté, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń na ènìyàn ní pàṣán. Ìka ọwọ́ mi ti là. Ìbọ̀sẹ̀ ni mò ń tà fún àwọn tó ń bú mi ní èdè tí n kò gbọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà tí mo rí ìkọ̀wé yín, mo yára bọ́ ìbọ̀wọ́, mo rò pé ìròyìn Chunsheng dé. Ìlà kan ṣoṣo ni mo bá nípa rẹ̀. Ìyókù, àgbọ̀nrín irin. Kábéèjì nínú ọkọ̀ ọ̀gá.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ìyá mi ń wúkọ́, ẹ̀yin ń dúró ní oríta. Ọmọ yín ọkùnrin kò kọ lẹ́tà láti ìgbà pípẹ́, ẹ̀yin àti Bàbá Meng ń ka ọkọ̀. Ṣé bí àwọn òbí tó ń wá ọmọ ṣe ń ṣe nìyẹn? Mo máa ń lá àlá Chunsheng. Ó máa ń dúró lódìkejì odò, kì í dá mi lóhùn. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ọkọ̀ tí ẹ ń sọ yẹn, ó pọ̀ níhìn-ín bí eèrà. Àwọn onílẹ̀ gan-an ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní tí ènìyàn bá jókòó sínú rẹ̀, orúnkún ló máa fi di etí. N kò ní ya fọ́tò kankan. Ẹ wọlé, ẹ lọ gbé omi kaná fún Ìyá mi.

Ọmọ yín,
Yayun.


Harbin,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá, ọdún 1995.

Yayun,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá rẹ ní kí n kà á sókè, mo sì kà á, ṣùgbọ́n mo fo ibì kan.

Ìbínú rẹ ò dùn mí bí ìka ọwọ́ rẹ tó là. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni kí o máa fi pa á kí o tó sùn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Ẹtì, bóyá á pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Mo rí Bàtà Olórí-Ńlá kan níwájú ilé ìwẹ̀ gbogboogbò. Àwọ̀ pupa ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi èékánná ha á díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, kí n rí àwọ̀ tó wà lábẹ́ èyí tí wọ́n kùn lé e. Ọ̀dọ́kùnrin kan jáde tòun ti irun tútù, yìnyín ti ń dì í lórí.

Ó ní, “Bàbá àgbà, kí lẹ ń ṣe sí ọkọ̀ mi?”

Mo ní, “Mo kàn ń wò ó ni, ọmọ mi.”

Ó ní, “Ojú lẹ fi ń wò ó ni, àbí èékánná?”

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ra irú rẹ̀ ni, mo ní rárá. Ó wá wò mí bí ẹni ń wo alárùn ọpọlọ, ó sì fún mi ní sìgá kan. Ọmọlúwàbí ni. Ọkọ̀ rẹ̀, pupa ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò yẹn ṣì ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ. N kò ní tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Bàbá rẹ.


Harbin,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta, ọdún 1996.

Yayun,

Èmi ìyá rẹ ni. O mọ̀ pé ìwé mi ò jinlẹ̀, nítorí náà bí lẹ́tà mi bá ń rìn wọ́gọwọ̀gọ, má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọdún Tuntun lọ, o ò kọ ìwé. A se oúnjẹ ọdún, àwa méjì jókòó, a ń gbọ́ bí àwọn ará ilé kejì ṣe ń yin bàǹgà. Bàbá rẹ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń falẹ̀. Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́, ọmọ rẹ ń bínú ni. Ó ní, “Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.” Ó tún wọ bàtà, ó jáde lọ sí oríta rẹ̀. Ọjọ́ ọdún nìyẹn o! Etí òsì rẹ̀ ti dúdú, òtútù ti jẹ ẹ́. Mo rí i pé bí èmi ò bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa fi agídí pa mí.

Fetí sílẹ̀. Nígbà tí ìwọ ti lọ sí Warsaw, Chunsheng ra ọkọ̀ kan lọ́wọ́ àwọn ará ibodè. Bàtà Olórí-Ńlá ni. Aláwọ̀ ìyeyè bíi pupa ẹyin. Katakata kan kọ lù ú, ó fọ́ ilẹ̀kùn apá ọ̀tún rẹ̀, àbúrò rẹ sì lọ wá ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé lára òkú ọkọ̀ kan, ó fi dípò. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, èyí jọ aṣọ alágbe.” Ó ní, “Ìyá mi, kò sí ẹni tó máa rí i tó máa gbàgbé.” Ó fi ń kó èrò. Ó ní àwọn ìlú èédú ní ìlà oòrùn kò ní ọkọ̀ tó pọ̀, ó sì gba ibẹ̀ lọ. Mudanjiang ni lẹ́tà rẹ̀ tó kẹ́yìn ti wá. Ó ní òun ò ní wálé fún ọdún, èrò pọ̀ lójú títì, òun sì ń lọ síwájú sí i. Kò sọ ibi tó ń lọ. Láti ìgbà náà, kẹ́kẹ́ pa.

Àwọn ọlọ́pàá ní gèǹdé ọkùnrin ni, bó bá rẹ̀ ẹ́ á padà wálé. Bàbá rẹ lọ sí Mudanjiang, ó ń na fọ́tò Chunsheng ìgbà tó wà nílé ìwé sí gbogbo ènìyàn. Wọ́n ń mi orí. Awakọ̀ kan ló wá là á yé e. Ó ní, “Bàbá, àwa kì í mọ ojú ara wa lójú títì. Ọkọ̀ ẹni la fi ń mọni. Ẹ wá fọ́tò ọkọ̀ rẹ̀ wá.” A ò ní fọ́tò ọkọ̀ náà. A ti ní ká yà á lọ́dún tí yóò bá wálé, ká tò síwájú rẹ̀.

Ṣé ó ti yé ọ? Bàbá rẹ kò mọ ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì tẹ́lẹ̀. Búrẹ́dì ló mọ̀. Ó ń kọ orúkọ ọkọ̀ sí ọ nítorí tó bá kọ orúkọ Chunsheng, kì í lè kọ ìlà kejì. Mo ti rí ojú ewé tó fà ya.

Ya fọ́tò náà. Ikọ́ mi ti dẹ̀.

Ìyá rẹ,
Bai Guirong.


Warsaw,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 1996.

Bàbá mi, Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀yin méjèèjì. N kò mọ̀. Chunsheng sọ fún mi pé òun ra ọkọ̀, kò sọ irú èyí tí ó jẹ́.

Bí mo ṣe ka lẹ́tà Ìyá mi tán, mo bọ́ sí títì. Bàbá, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí. Wọ́n ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pupa, funfun, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè, gbogbo wọn kékeré, gbogbo wọn ń pariwo bí ìkòkò tó ń hó. Ní gbogbo ọdún tí mo ti wà níhìn-ín, mo ń rìn láàárín ọkọ̀ Chunsheng láìmọ̀. Ní báyìí, bí ọ̀kan bá dúró, màá wo ojú awakọ̀ rẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà nísàlẹ̀ ilé wa, Halina ni orúkọ rẹ̀. Opó ni. Kò fẹ́ràn wa tẹ́lẹ̀, ó ní oúnjẹ wa ń rùn. Òun ló ni aláwọ̀ ìyeyè kan. Mo lọ bá a, mo fi ìwọ̀nba èdè tí mo gbọ́ bẹ̀ ẹ́ pé mo fẹ́ ya fọ́tò. Ó ní, “Ọkọ̀ mi? Kí lo fẹ́ fi ṣe?” Mo sọ fún un pé àbúrò mi nù pẹ̀lú irú rẹ̀. Mo sọ ti ilẹ̀kùn náà. Ó wọlé lọ. Mo rò pé ó ti lé mi nìyẹn, àṣé ó lọ mú aṣọ tábìlì aláwọ̀ ewé wá. Ó nà án bo ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, ó dì í mú lókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Yà á báyìí. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?”

Nínú fọ́tò kejì, ẹ máa rí ìka ọwọ́ rẹ̀ létí aṣọ náà. Ẹ má gé e kúrò.

Mo fi ìpara etí ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo etí yín.

Yayun.


Harbin,
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, ọdún 1996.

Yayun, ọmọ àtàtà,

Fọ́tò dé. Ìyá rẹ wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní, “Òun ló kù kó wà nínú rẹ̀.” Lẹ́yìn náà ó lọ fọ ìkòkò tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Meng tẹ fọ́tò náà jáde ní ẹ̀dà púpọ̀. A pín in fún àwọn awakọ̀ ní ibùdó ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n ń fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní, “Bàbá, ọkọ̀ tó wọ aṣọ ìdáná rèé!” Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìdí rẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́, ọ̀pọ̀ wọn fi í há ojú gíláàsì ọkọ̀ wọn.

Lánàá, awakọ̀ èédú kan sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀nà Jixi, ìlú èédú kan ní ìlà oòrùn, ó wá mi dé oríta. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ń wá oníyeyè onílẹ̀kùn ewé? Mo máa ń rí i bí mo bá ń kọjá lábúlé kan. Ó wà lágbàlá ẹnìkan, létí ọ̀nà.”

Mo ní, “Ta ló ń wà á?”

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ń wà á, Bàbá. Adìyẹ ló ń sùn nínú rẹ̀.”

Bóyá ó ti tà á. Bóyá ó ti ra èyí tó dára jù ú lọ. Ọ̀la ni mo máa wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìyá rẹ ti dì mí ní búrẹ́dì àti ẹyin, bíi pé ọmọ ilé ìwé ni mí. Bí mo bá ti rí i, màá kọ̀wé.

Bàbá rẹ.


Warsaw,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 1996.

Bàbá mi,

Ṣé ẹ rí i? Kò sí lẹ́tà. Mo fóònù sí ilé ìtajà igun àdúgbò yín, obìnrin ibẹ̀ ní ẹ ò tíì dé, ó ní Ìyá mi náà ò jáde mọ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré. “Rárá” náà tó. Bó bá jẹ́ pé ó wà ní ẹ̀wọ̀n, ẹ sọ fún mi. Bó bá jẹ́ pé ó ti fẹ́ ìyàwó tí kò sì fẹ́ rí wa, ẹ sọ fún mi, n kò ní bínú.

Ojoojúmọ́ ni Ìyá Halina ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń fi ojú bi mí, èmi náà ń fi ojú dá a lóhùn.

Yayun.


Jixi,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, ọdún 1996.

Yayun, ọmọ mi,

Bó bá jẹ́ ọjà lo wà, pa lẹ́tà yìí dé. Délé, kí o jókòó, kí o tó kà á.

Mo rí ọkọ̀ náà. N kò lè kọ̀wé ṣáájú ìsinsìnyí. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì fà á ya. Ìyá rẹ náà ò tíì mọ̀. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ara mi ò yá díẹ̀, èyí kì í sì í ṣe irọ́. Lẹ́tà kọ́ ni màá fi sọ fún un. Ìwọ jìnnà, lẹ́tà nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọkọ̀ náà wà lábúlé kan lẹ́yìn Jixi, nínú àgbàlá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ji Maotian, tó ti wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Aláwọ̀ ìyeyè, ilẹ̀kùn kan ewé. Táyà rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀. Àwọn adìyẹ bà sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo dúró lẹ́nu géètì. Ọkùnrin náà jáde. Ó wo fọ́tò ọwọ́ mi, ó wá wo ojú mi.

Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ṣe búrẹ́dì?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ó ní, “Ha, kí ló pẹ́ yín tó báyìí?” Ló bá bú sẹ́kún. Mo mọ̀ nígbà náà. Kò tíì sọ ọ́, mo ti mọ̀.

Yayun, àbúrò rẹ kò sí mọ́. Ó ti pẹ́ o. Ọdún Tuntun tó sọ pé òun ò ní wálé yẹn náà ni.

Yàrá kan lọ́wọ́ Ji ló háyà. Ó ń gbé àwọn ìyàwó awakùsà lọ ọjà, ó ń gbé wọn bọ̀. Ji ò ní aya, kò bímọ. Wọ́n jọ ń jẹun ni, wọ́n jọ ń ta ayò. Ji ní kò mọ̀ ọ́n ta, ó sì máa ń jiyàn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bá mi jiyàn. Nígbà tí ọdún ku díẹ̀, òtútù mú Chunsheng. Fèrèsé ọkọ̀ náà kì í pa dé dáadáa. Ji ní kó dùbúlẹ̀, ó ní, “Bàbá Ji, ta ni yóò gbé àwọn ènìyàn lọ ra ọjà ọdún?” Òtútù yẹn wọ̀ ọ́ láyà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mímí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ayùn.

Ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì ti dì. Ji sáré jáde sójú ọ̀nà, àwọn awakùsà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ sì dúró, èédú ṣì wà lójú wọn. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì ń tì í lọ sí ilé ìwòsàn lórí yìnyín, títí wọ́n fi gun òkè tó wà lọ́nà náà tán. O mọ̀ pé àbúrò rẹ ga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gba inú ọkọ̀, fèrèsé ni wọ́n nà án gbà, Ji sì bọ́ fìlà onírun rẹ̀, ó fi bo ẹsẹ̀ náà. Ji ní ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ ò rí i, òní lèmi náà di èrò.”

Kò rí ọ̀sán ọjọ́ náà.

Wọ́n sin ín sórí òkè kékeré kan tí ó kọjú sí títì. Àdírẹ́sì ilé àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì ló wà lára ìwé awakọ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé síbẹ̀, ìwé náà padà. Nígbà tí ilẹ̀ gbóná, Ji, tí kò dé Harbin rí, wọ ọkọ̀ ojú irin, ó gbé ẹ̀wù Chunsheng dání. Ó bá ilé wa ní òkìtì bíríkì. Wọ́n ti ti géètì ilé búrẹ́dì pa, koríko ti hù níbẹ̀. Ó ń bi àwọn ènìyàn léèrè Luan, wọ́n ń bi í pé Luan wo. Ó sùn ní ibùdókọ̀, ó sì padà. Ronú rẹ̀ wò, Yayun. Ó lè jẹ́ pé a pàdé ara wa lójú títì, èmi àti òun, tí ojú mi wà lára ọkọ̀ tó ń kọjá.

Àwọn kan fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ̀. Ó tì í wá sí ẹ̀gbẹ́ géètì kí ó lè hàn lójú ọ̀nà. Ó sọ fún wọn pé, “Ọkọ̀ yìí nìkan ló lè júwe ilé mi fún àwọn òbí rẹ̀.”

Wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ẹlòmíràn nínú rí. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Nígbà tó nù, ó ní ohun tí mo ń jí fún láàárọ̀.

Mo ń lọ sílé lọ́la láti lọ bá ìyá rẹ.

Bàbá rẹ.


Warsaw,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 1996.

Bàbá mi, Ìyá mi,

Mo kà á. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú àmúmọ́ra. N kò mọ bí ọmọ ṣe ń kí òbí rẹ̀ irú èyí.

Bàbá, ta ló dì yín mú nígbà tí ẹ sọ fún Ìyá mi? Ta ló di Ìyá mi mú? Èyí ni mò ń rò lójú ọjà, n kò rántí àwọn tó ra ìbọ̀sẹ̀, n kò rántí àwọn tó jí i.

Ìyá Halina rí ojú mi lórí àtẹ̀gùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bọ́ síta, ọkọ̀ rẹ̀ kò sí níbi tó máa ń wà. Mo rò pé wọ́n jí i. Àṣé ó ti wà á lọ gbé sí ẹ̀yìn ilé mìíràn, kí n má baà rí i bí mo bá ń jáde. Arúgbó tí orúnkún ń dùn ni o. Láti ibẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ rìn wálé.

Mò ń bọ̀ wálé. Wọ́n ní bí mo bá jáde ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn aláṣẹ lè má jẹ́ kí n wọlé mọ́. Kò burú. Mo ti fi àyè ìtajà mi lé àwọn tí a jọ ń gbé lọ́wọ́. Ẹ má sọ pé kí n má wá. Bí ẹ bá sọ ọ́, n kò ní ka lẹ́tà náà.

Yayun.


Harbin,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1996.

Yayun, ọmọ mi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ. N kò ní sọ pé kí o má wá.

O béèrè ẹni tó di ìyá rẹ mú. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Mo sọ ọ́, ó ń gé àlùbọ́sà, ó sì gé e tán. Ó nu ọwọ́, ó ní, “Ìgbà wo ni ọkọ̀ ojú irin ń lọ?” A wọ ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lójú ọ̀nà ó di apá ẹ̀wù mi mú, kò fi sílẹ̀ títí a fi dé Jixi.

Wọ́n ní irun funfun kì í tẹríba fún irun dúdú, nítorí náà a ò kúnlẹ̀ níbẹ̀. Èmi àti Ji dúró. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko kúrò lórí sàréè, ó sì ń bá a wí. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí! Òtútù mú ọ, o ò dùbúlẹ̀. Ìwọ ni dókítà? Ìwọ ni irin? Wọ́n ní kí o dùbúlẹ̀, o ní èrò ń dúró. Èrò wo? Èmi ńkọ́? Èmi kì í ṣe èrò?” Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ, ó ń fa koríko, títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, tí kò sí ohun tí yóò fà mọ́. Ìgbà náà ló tó sunkún. Ji yí ẹ̀yìn padà. Mo jókòó ti ìyá rẹ.

Mo ní kí a gbé Chunsheng wálé. Ìyá rẹ wo òkè náà, ó wo àwọn awakùsà tó ń kọjá nísàlẹ̀, tí àwọn kan ń gbé ọwọ́ sókè kí wa, ó ní, “Fi í sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló tì í.” Ó wọ ilé ìdáná Ji, ó fọ gbogbo rẹ̀, ó sì se oúnjẹ. Ji ní kí a gbé ọkọ̀ náà lọ. Ìyá rẹ ò wò ó títí a fi ń kúrò. Ẹnu géètì ló ti ní kí wọ́n má lé àwọn adìyẹ náà.

A ti padà. Lánàá, Meng pè mí jáde. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ tí a kò rí irú rẹ̀ rí, àwọ̀ ojú ọ̀run, ìrù rẹ̀ gùn bíi ti ẹja. Mo bá a lọ. Ọkọ̀ náà kọjá, Meng ń ya fọ́tò, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi dúró níbẹ̀. Ojú mi ò mọ ohun tí yóò máa wá mọ́. Meng rí mi, ó dáwọ́ dúró, a sì jọ rìn wálé.

Yayun, bí o bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin rẹ máa dé sí mi. Má sọ pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Bí ó bá pẹ́ lọ́nà, kó pẹ́. Èmi àti ìyá rẹ á ti wà ní ibùdókọ̀ láti àárọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti dúró de ẹni tó ń bọ̀ lóòótọ́.

Bàbá rẹ,
Luan Dezhi.